Gádíẹ̀n Ọjọ́ Àìkú

Mo gba iṣẹ́ gádíẹ̀n láìbéèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tètè rín in báyìí, nítorí nígbà tí a bá fi máa dé ibi tí mo ti ń sá fún bọ́ọ̀lù, ẹ̀rín lè má kù mọ́ fún un.

Bó ṣe rí nìyí. Àgádágodo ni mo ń tà, pẹ̀lú ìṣó àti irin tí ilẹ̀kùn fi ń dúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Arzèkè ní Parakou. Bàbá mi ló gbé ẹrù láti Ṣakí wá síhìn-ín. Èmi, ibí ni wọ́n bí mi sí, ibí náà ni mo ti lọ sílé ìwé Faransé fún ọdún mẹ́rin kí èmi àti ilé ìwé tó fẹnu kò pé ó tó. Mo lè kọ orúkọ mi, mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, mo sì mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé tó bá ti kan ilẹ̀kùn. Ìyẹn gan-an ló kó bá mi. Mo rò pé mo mọ ohun tí gádíẹ̀n jẹ́. Ní ìlú wa, gádíẹ̀n ni ọkùnrin tó jókòó síwájú ilé onílé, tó ní àga, tó ní rédíò kékeré, tó ní ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń dìde tí mọ́tò bá fọn fèrè. Oníbàárà mi ni wọ́n. N kò rí èyí tó rù nínú wọn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́sáláṣí dé, ni mẹkáníìkì kan wọ ìsọ̀ mi. Alùpùpù ló ń tún ṣe ní Zongo, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, nítorí ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra àgádágodo tó fi ń de alùpùpù oníbàárà mọ́lẹ̀. Ó kí mi tán, ó wá ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò.

"Bàbá, ẹ ga o."

"Ọlọ́run ló ṣe é."

"Ẹ sì tún fẹ̀."

"Ìyàwó mi ló ṣe ìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀n, ó dáa. Gádíẹ̀n la ń wá. Ẹgbẹ́ wa ni, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ní pápá ilé ìwé kan ní Banikanni. Ẹni tó ń bá wa dúró tẹ́lẹ̀ ti ṣèṣe lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa dúró títí ara rẹ̀ á fi yá?"

Mo mọ ẹgbẹ́ tó ń wí. Fẹ́tẹ̀rán ni wọ́n ń pè wọ́n: àwọn ọkùnrin tí ìgbà ọmọdé ti kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù kọ̀ tí kò kúrò. Ojú mi rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: alùpùpù wọn lábẹ́ igi, bàtà wọn, fóònù wọn, ṣòkòtò tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, àti èmi lórí àga pẹ̀lú tíì mi, tí mò ń wo olè láti òkèèrè.

"Ṣé kí n mú àga mi wá?" mo bi í.

"Ẹ mú un wá. Tó bá rẹ̀ yín, ẹ jókòó."

"Kùmọ̀ ńkọ́?"

"Háà, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa èèyàn ni? Ọwọ́ lásán ti tó."

Inú mi dùn sí ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ìjà. Mo ní mo gbà.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó gbé síbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin? Gádíẹ̀n? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí mi pé kí n lọ wo ohun tí ológbò já lulẹ̀?"

"Àárọ̀ ni," mo ní. "Olè àárọ̀ kì í le."

Ó di ọjọ́ Àìkú. Mo wọ jálàbíà funfun, mo dé fìlà, mo gbé àga dání, mo dá zẹ́mì dúró. Zẹ́mì ni alùpùpù tó ń gbé èrò lọ́dọ̀ wa. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ọlọ́kọ̀ náà, ó ní ibẹ̀ lòun náà forí lé. N kò bi í léèrè ìdí. Nígbà tí a dé pápá, mo gbé àga mi sábẹ́ igi dóńgóyárò tí wọ́n gbé alùpùpù sí, mo to bàtà wọn ní méjì méjì, mo ka alùpùpù, mo jókòó. Mo tilẹ̀ ti lé ajá kan lọ. Ọkàn mi balẹ̀ pé wọ́n ti rí ẹni tó mọ iṣẹ́.

Mẹkáníìkì, tó jẹ́ kapitẹ́ẹ̀nì wọn, pè mí láti àárín pápá. "Bàbá! Ẹ wá sí àyè yín!"

"Àyè mi nìyí!"

"Rárá, ọ̀hún!" Ó nawọ́ sí òpó irin méjì tó wà ní ìparí pápá.

Mo wo ibẹ̀ dáadáa. Erùpẹ̀ pupa ni mo rí, àti ewúrẹ́ kan. Mo ké sí i padà pé, "Kí ló wà níbẹ̀ tí olè lè gbé? Ṣé ewúrẹ́ yẹn ni?"

Wọ́n kọ́kọ́ yíjú wo ewúrẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, oníbúrẹ́dì kan, dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalaja. Ọlọ́kọ̀ zẹ́mì tó gbé mi wá, tí òun náà ti bọ́ra tó ti di agbábọ́ọ̀lù, di igi mú kó má bàa ṣubú. "Ó mú àga wá!" ló ń pariwo. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé e wá pẹ̀lú àga!"

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ẹni tó ń dúró láàárín òpó méjì kí bọ́ọ̀lù má bàa wọ àwọ̀n, gádíẹ̀n náà ni àwọn Faransé ń pè é. Èdè tó bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tó jókòó àti ẹni tí wọ́n ń gbá nǹkan lù, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ nínú rẹ̀.

Mo ti ká àga mi, mo ti ń wá zẹ́mì mìíràn. Ọkùnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín bí àwọn yòókù ló wá bá mi. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ogójì lọ púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun ní ọsibítù, láti igunpá títí dé àtàǹpàkò. Aránṣọ ni, òun sì ni gádíẹ̀n tó ṣèṣe náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má bínú sí wọn. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ ní àlàáfíà. Kò sí wàhálà. Èmi ni n ó wọlé."

"Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn?"

"Mo ní òmíràn."

Mo rò pé àwàdà ni. Kapitẹ́ẹ̀nì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra sọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe àwàdà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọn kò rí ẹni dúró, ọkùnrin yìí wọlé pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sì gbé èyí tó wà nínú sìmẹ́ńtì sẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó ń yan. Dókítà ti sọ fún un pé eegun tó wà ní ìdí àtàǹpàkò ló kán, pé bí ó bá tún kán síbẹ̀, àtàǹpàkò náà kò ní lè pàdé ìka yòókù mọ́. Aránṣọ tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò pàdé ìka, kí ni yóò fi di sáàsì mú? Kí ni yóò fi ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́? Òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ mẹ́rin, ọwọ́ kan yìí ni gbogbo wọn ń jẹ. "A ti bẹ̀ ẹ́," kapitẹ́ẹ̀nì ní. "Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun ti wà níbẹ̀, ojú òun kò lè gbà á kí ibẹ̀ ṣófo. Àfi kí ẹnì kan dúró síbẹ̀."

Mo wo aránṣọ. Ó ti ń bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ òsì tú okùn rẹ̀.

Mo bọ́ jálàbíà mi. Ẹni tó bá rí mi nínú ṣòkòtò kékeré lọ́jọ́ náà, kó jọ̀ọ́, kó gbàgbé.

Góòlù méje ló wọlé. Ìkẹjọ ì bá wọlé, ewúrẹ́ ló dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀rù mi, nítorí mo mọ̀ ọ́n dáadáa, a ti jọ ń gbé tipẹ́. Tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, orí mi á ní ká dúró, ẹsẹ̀ mi á ti lọ. Wọn kì í bá ara wọn ṣèpàdé. Mo ti rí i tí mo fò sí ọ̀tún nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sí òsì, tí àwọn ènìyàn rò pé mo ṣi ìṣirò ni. N kò ṣi ìṣirò kankan. Ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí ni mò ń wá, mo sì máa ń rí i.

Síbẹ̀, mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì lọ ní ìkẹta. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí ọwọ́ aránṣọ ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa wo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn.

Wọn kì í sọ̀rọ̀ ara wọn, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́. Kapitẹ́ẹ̀nì máa ń fi epo àti ọṣẹ bó ọwọ́ rẹ̀ kó tó wá, síbẹ̀ tó bá di bọ́ọ̀lù mú, ìka rẹ̀ márààrún á hàn lára bọ́ọ̀lù náà ní dúdú. Oníbúrẹ́dì máa ń ti ẹnu ààrò wá tààrà, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, òun ló sì ń sáré ju gbogbo wọn lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò lọ sùn. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń jẹ́ oníbúrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kí n fi wákàtí méjì jẹ́ nǹkan mìíràn." Ọlọ́kọ̀ zẹ́mì, tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìrísí ìjókòó alùpùpù, tó bá gba bọ́ọ̀lù létí pápá, á gbéra bí ẹni tí èrò rẹ̀ fẹ́ pẹ́ dé ọkọ̀ Kútọnu. Orúnkún wọn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo mọ ìró náà, iṣẹ́ mi ni.

Kò sí ẹni tó ń wá wò wọ́n. Kò sí ibi tí wọn yóò kọ orúkọ wọn sí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá pẹ́ dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á máa tọrọ gáfárà bí ẹni tó pẹ́ dé ìrun Jímọ̀. Tí wọ́n bá fi àìtọ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ara wọn ní ọjọ́ Àìkú, wọn á ṣì máa ṣe àríyànjiyàn rẹ̀ ní ìsọ̀ mi ní ọjọ́rú. Mo ti gbé nílùú yìí láàárín àwọn ènìyàn tó ń ṣe iṣẹ́ wọn ní ìlàjì, èmi pẹ̀lú wọn. Àwọn yìí ń ṣe ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn ní odindi.

Aránṣọ ló ń kọ́ mi. Ẹ̀yìn àwọ̀n ló máa ń dúró sí, pẹ̀lú ọwọ́ funfun rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ sí mi létí bí ìyàwó lórí alùpùpù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wo bọ́ọ̀lù bí ejò. Ẹ wò ó bí oníbàárà tó fẹ́ jáde láìrà nǹkan. Ẹ lọ pàdé rẹ̀!"

"Tí n kò bá fẹ́ tà fún un ńkọ́?"

"Ẹ tà fún un! Ẹ jáde! Ẹ jáde!"

Mo máa ń jáde. Nígbà mìíràn, mo máa ń jáde kọjá bọ́ọ̀lù pátápátá. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, góòlù méje di márùn-ún, márùn-ún di mẹ́ta. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun kan tí orí mi kò tíì gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin kúkúrú tí kì í gbé ohùn sókè ni; inú ìsọ̀ kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gán bọ́tìnnì tó sì ń ká etí aṣọ. Mo rò pé kọ́kọ́rọ́ ló fẹ́.

"Bàbá," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, "mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ báyìí."

"Tí wọ́n bá lè pè é ní wíwà."

"Wọ́n ní ẹ kì í fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kàn yín."

Ìròyìn ní Parakou, ó ń yára ju zẹ́mì lọ. Mo ní òótọ́ ni.

"Kò kàn mí," ó ní. "Kí góòlù ogún wọlé, kò kàn mí. Ẹ ṣá ti wà níbẹ̀. Ní ìgbà tó kọ́kọ́ ṣèṣe, mo gbé agolo mílíìkì fún un pé kó bá mi ṣí i. Kò lè ṣí i. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Mi ò fẹ́ kó tún lọ sẹ́yìn ilé mọ́."

Mo fún un ní àgádágodo kékeré kan tí kò béèrè fún. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ. N kò mọ ohun tí mo rò pé ó fẹ́ fi tì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún, wọ́n tú sìmẹ́ńtì náà. Ọwọ́ rẹ̀ jáde ní títín-ín-rín, ó funfun díẹ̀ bí nǹkan tó ti wà lábẹ́ òkúta. Dókítà ní ó lè máa ránṣọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò gbọdọ̀ gbá ọwọ́ náà fún oṣù mẹ́ta mìíràn. Gbogbo wa la yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni a fẹ́ pàdé fẹ́tẹ̀rán àwọn awakọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n máa ń gbá ní ọdọọdún kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ní, "Ọjọ́ yẹn, èmi ni n ó dúró."

Kapitẹ́ẹ̀nì ní kò ṣeé ṣe. Oníbúrẹ́dì ní kò ṣeé ṣe. Ó ń mi orí sí wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

"N kò pa ti àwọn awakọ̀ jẹ rí," ó ní. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n n ó wà létí pápá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ mi. Tí mo bá rí i pé ẹ sá fún bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, mò ń wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má dì mí mú."

Lẹ́ẹ̀kan péré! Èmi tí mo ti sá fún bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń gbá.

Àwọn awakọ̀ dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n ń fọn fèrè láti ìkòríta. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Malanville: ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé pápá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́.

"Bàbá Alágàdágodo! Ẹ ṣílẹ̀kùn o, àlejò dé!"

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ kò bá a mu," mo ní.

Ẹnu mi kì í bẹ̀rù. Òun nìkan ni.

Ìyàwó aránṣọ wá lọ́jọ́ náà. Kò tíì wá rí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn alùpùpù, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga mi létí pápá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ òsì. Nígbà tó fẹ́ wọ ti ọ̀tún, mo rí i tí ojú rẹ̀ fún pọ̀, tó dúró díẹ̀, tó tún tì í wọlé. Ìyàwó rẹ̀ náà rí i.

Ọlọ́kọ̀ zẹ́mì ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún wa. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ Malanville dá a padà. N kò sá fún ìyẹn; ó gba àárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọjá kí ẹ̀rù tó ráyè bà mí. Mo wo aránṣọ. Ó mi orí pé kò sí ohun tó ṣe, pé n kò sá. Bẹ́ẹ̀ la lọ síbi ìsinmi, bẹ́ẹ̀ la padà. Lẹ́ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù bá mi lára níbi tí mo dúró sí, mo sì dúró síbẹ̀ nítorí pé n kò rí ibi tí mo lè gbà lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo juwọ́ sí wọn bí ìjòyè.

Ó ku díẹ̀ kó parí ni bọ́ọ̀lù kan fò sókè níwájú wa, kapitẹ́ẹ̀nì wa sì fi ọwọ́ gbá a. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọwọ́ ló fi ń jẹun ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó gbàgbé ni. Adájọ́ fọn fèrè, ó fi ìka han ibi tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí fún pẹnátì: ẹnì kan á gbá a, ẹnì kan á dúró, kò sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Awakọ̀ Malanville gbé bọ́ọ̀lù.

Aránṣọ ti dìde. Ó ń bọ̀ wá bá mi, ó ń sáré fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìbọ̀wọ́ wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde."

Kí n má purọ́, mo fẹ́ jáde. Gbogbo ara mi ló fẹ́ jáde; ẹsẹ̀ ọ̀tún mi tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ṣùgbọ́n ó ti dé iwájú mi, mo sì rí ìbọ̀wọ́ ọ̀tún náà. Ìka mẹ́rin kún inú rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró gbọnrangandan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó rẹ̀ tó ti tú ọwọ́ tó ká mọ́ àyà.

"Àbúrò," mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ, ẹni náà sì ni èmi, "padà lọ jókòó."

"Ẹ ó sá, Ẹ̀gbọ́n. Ojú yín ti sọ ọ́."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àdéhùn wa ni pé kí n kọ́kọ́ sá. Jẹ́ kí n sá ná, kó o tó wá gba ipò mi."

Adájọ́ ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìgbìmọ̀ ilé la jókòó sí ni?" Àwọn awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ wò mí pẹ́, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó tún fi èkejì sẹ́yìn, ó kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo Zongo ló ń sọ ọ́ lọ́nà kan, èmi ni n ó sọ bó ṣe rí gan-an. Awakọ̀ náà sẹ́yìn. Mo ronú, mo sì pinnu, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi, pé n ó sá lọ sí apá òsì mi, nítorí pé ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ náà sì kọjú sí ọ̀tún mi, mo wá rò pé ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù yóò gbà. Mo di ojú. Mo sá. Bọ́ọ̀lù wá bá mi níbi tí mo sá lọ. Ikùn ni ó ti bá mi, mo ṣubú lé e, n kò sì lè dìde. Wọ́n ní mo gbá a mọ́ra bí ọmọ. Èémí ni mò ń wá.

Ariwo ta. Oníbúrẹ́dì gbìyànjú láti gbé mi sókè, kò ṣeé ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ mi kan nìkan. Kapitẹ́ẹ̀nì fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ nù mí lójú. Awakọ̀ Malanville fúnra rẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ilẹ̀kùn lóòótọ́." Ọ̀kan sí ọ̀kan ló parí sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ariwo wa á rò pé a gba ife ẹ̀yẹ.

Èmi nìkan ni inú mi kò dùn tán. Àdéhùn ni àdéhùn. Lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, mo sì ti sá, ní gbangba, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni. Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkùnrin yìí á padà sáàárín òpó méjì pẹ̀lú àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò tẹ̀.

Mo lọ bá a lábẹ́ igi. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bá a fa ìbọ̀wọ́ ọ̀tún jáde, ìka kan tẹ̀lé òmíràn.

"Àbúrò," mo ní, "mo sá."

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè sí mi, ó sì tún wolẹ̀. Mo mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ: Bàbá, ta ló bi yín?

"Mo mọ̀," aránṣọ dá mi lóhùn. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ ti di ojú kó tó fẹsẹ̀ kàn án."

Mo ń dúró. Ó gba ìbọ̀wọ́ méjèèjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó pa wọ́n pọ̀, ó fi wọ́n lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró síbẹ̀, mi ò lajú gba pẹnátì kan rí. Ẹ máa bá a lọ."